Òkú mọ́tò náà níwèé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí ní London kí n tó fẹ̀yìntì. Nítorí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ta mọ́tò àtijọ́ fún ara wọn níbí ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àwọn tó gbà pé "ọmọ ilé wa ni" ti tó.

Peugeot 504 méjì ni mo ní. Ọ̀kan ń rìn, ọdún 1979 ni wọ́n ṣe é. Èkejì ò rìn mọ́. Torí kí n lè máa tú sípíà páàtì lára rẹ̀ ni mo ṣe rà á. Ẹni tó bá rántí ayé ìgbà tí wọ́n ń to 504 ní Kàdúná kò ní bi mí pé kí ló dé. Nígbà tí orúnkún mi ò gbà kí n wakọ̀ mọ́ ni mo bá ní kí n tà wọ́n.

Èyí tó ń rìn ni mo fara balẹ̀ tà. Nílẹ̀ yìí, bí ọkọ̀ bá ti lé ní 40 ọdún, tẹ́ ẹ sì ti kọ̀wé kí wọ́n kà á mọ́ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ ò ní san owó orí rẹ̀ mọ́. Bí wọn ò bá sì tún un kọ́ di nǹkan mìíràn, kò di dandan kó ṣe MOT, ìyẹn ayẹ̀wò ọdọọdún bóyá ọkọ̀ yẹ lójú títì. Síbẹ̀, lọ́dọọdún lẹ ó máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún owó orí tí ẹ ò san náà, ìforúkọsílẹ̀ ọ̀hún kì í sì í bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á. Òun náà gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀. Mo fi gbogbo ibi tó ti dípẹtà lábẹ́ ọkọ̀ han oníbàárà mi, torí pé òfin ìrìnnà ọdún 1988 ka títa ọkọ̀ tí kò yẹ lójú títì sí ẹ̀ṣẹ̀, bó ti wù kó gbó tó.

Òkú mọ́tò yẹn ni mo fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé, "Bàbá, ẹ má dààmú, páàtì nìkan ni mo fẹ́." Mo gbowó, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, mo ju V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, sínú àpótí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́tà dé. Wọ́n rí mọ́tò náà lẹ́bàá ọ̀nà, kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí ìjókòó, àmọ́ nọ́ńbà ṣì wà lára rẹ̀, orúkọ mi ló sì jáde. Èmi ni mo sanwó kí wọ́n tó gbé e kúrò. Mo pe ọmọ náà títí, kò gbé fóònù.

Ẹ̀bi tèmi ló pọ̀ jù. Ọjọ́ tí mo tà á gan-an ló yẹ kí n fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí n sì já abala aláwọ̀ ewé inú V5C fún un. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ìtanràn tó 1,000 pọ́n-ùn. Ẹ kọ rìsíìtì méjì tí nọ́ńbà ṣáàsí wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé páàtì nìkan lẹ tà á fún. Ìdí ni pé V5C fúnra rẹ̀ sọ pé òun kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀. Bí ó bá wá ku egungun, ilé ìtúkọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti pa á rẹ́. Owó ọwọ́ kọ́ ni wọ́n máa fún yín o; òfin ọdún 2013 ka ìyẹn léèwọ̀ fáwọn oníṣòwò irin àlòkù.

Ẹni tó bá sì ní ìwé òkú mọ́tò àti nọ́ńbà rẹ̀ nìkan lòun fẹ́, ẹ lé e lọ. Ara ọkọ̀ tí wọ́n jí ló fẹ́ fi wọ́n bò.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá ka lẹ́tà yìí, kó mọ̀ pé mi ò bá a jà. Kó wá sílé, kó san ìdajì owó tí mo san, ká jọ jẹun.

Bàbá Fẹ́mi,
Peckham, London