Ọkọ̀ Tí A Jọ Máa Ń Tì Ti Dìde

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà o. Ọkọ̀ ògbólógbòó yẹn ti dìde, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi tún un ṣe. Má rẹ́rìn-ín.

O rántí bó ṣe máa ń kùn láti ẹ̀yìn bí ẹ̀fọn létí ẹni? Ìwọ ní pọ́ǹpù epo ló ń ké, èmi ní táyà ni. Nígbà tó yá, agbára ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ bó bá ń gun òkè. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, á kú. Bó bá tutù, á tún gbà. Àfi lọ́jọ́ kan tó kọ̀ jálẹ̀: ẹ́ńjìnì ń yí, kò gbiná.

Ó ń ṣe mí bíi kí n sáré ra pọ́ǹpù, àmọ́ mo rántí bátìrì tuntun tí a fi ìkánjú rà lọ́jọ́sí, tó fi jẹ́ pé wáyà lásán ló tú. Mo yẹ fíúùsì wò. Rílè fèrè, ìyẹn ohun kékeré tó ń gbé iná fún un, bá ti pọ́ǹpù mu, mo fi wọ́n pààrọ̀ ara wọn. Mo ṣí kọ́kọ́rọ́ láì ṣáná, mo fetí sí ẹ̀yìn, nítorí ó yẹ kí pọ́ǹpù kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2. Kẹ́kẹ́ pa. Mo fi tẹ́sítà kan wáyà pọ́ǹpù, iná vólítì 12 dé ibẹ̀ láìyingin. Pọ́ǹpù ló kú lóòótọ́.

Mo yọ fíúùsì rẹ̀, mo yí ẹ́ńjìnì díẹ̀ kí agbára tó wà nínú páìpù lè rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ epo á fọ́n sí mi lójú. Mo tú wáyà bátìrì, mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kí oru epo lè jáde. Fóònù mi gan-an, inú ilé ni mo gbé e sí. Ojo ni mí, mo gbà.

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni ìdérí pọ́ǹpù wà. Mo kọ́kọ́ gbá iyanrìn ibẹ̀ kúrò kó má baà já sínú táńkì. Òrùka tó dì í mú ló fojú mi rí nǹkan! Ó ti dípẹtà. Igi ni mo fi sábẹ́ òòlù tí mo fi ń gbá a yípo díẹ̀díẹ̀, torí irin tó bá lu irin lè ta iná sí oru epo. Ọ̀sán ló bá mi lórí rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló gbà. Ike tó so páìpù mọ́ ọn ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, ó ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo tún lọ ra òmíràn.

Nígbà tí mo fà á jáde, asẹ́ ìdí rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ rẹ, pé kí n má máa jẹ́ kí epo gbẹ, ti sọ sí mi lọ́kàn. Epo inú táńkì ló ń mú pọ́ǹpù tutù, èmi sì rèé, ọdún mélòó ni mo fi ń rìn títí iná pupa á fi tàn kí n tó ra epo? Èmi ni mo pa á.

Mo fi pọ́ǹpù tuntun sí i, pẹ̀lú asẹ́ tuntun àti rọ́bà tuntun. Rọ́bà àtijọ́ ti wú, kò lè dí ẹnu táńkì mọ́. Mo dá fíúùsì àti wáyà bátìrì padà. Mo ṣí kọ́kọ́rọ́, mo pa á, nígbà mẹ́rin, kí epo lè kún páìpù. Mo yẹ ibi tó lè máa jò wò. Ìgbà tí mo ṣáná, ẹ̀ẹ̀kan náà ló gbà.

Kí n má purọ́ fún ọ, gééjì epo kò sọ òótọ́ mọ́. Táńkì kún, ó ní ìdajì ni. Ó jọ pé mo tẹ irin ohun tó ń léfòó nínú táńkì, tó ń sọ iye epo fún gééjì, nígbà tí mo ń ki pọ́ǹpù wọlé. Mi ò tíì fẹ́ rí òrùka yẹn sójú báyìí. Bí o bá dé, a ó jọ ṣí i.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.