Lẹ́tà láti Kétu: kíbọ́ọ̀dù tó ń gbé ṣ mì

Kétu,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú àjò, o sì kú òtútù ilẹ̀ Faransé yẹn. Ṣé àwọn ìbejì ń ṣe dáadáa? Ìyá wọn ńkọ́? Mo yà kí Màmá lánàá. Ara wọn le, àmọ́ wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ohùn inú fóònù kì í ṣe ojú. Mo ti jíṣẹ́.

O ní kí n ṣàlàyé ohun tó ṣe fáìlì kíbọ́ọ̀dù tí a jọ bẹ̀rẹ̀, nítorí ètò kọ̀ǹpútà tí o ń fi èdè C kọ lọ́hùn-ún náà ń ya odi sí ọ. Jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, o máa fi mí rẹ́rìn-ín.

O mọ̀ pé ɛ àti ɔ la fi ń kọ Yorùbá ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà níbí, sh la sì ń kọ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ ṣ. Kò yọ mí lẹ́nu rí, àfìgbà tí àwọn aládùúgbò wa fẹ́ sìnkú ìyá wọn, tí àwọn àna wọn láti Ìmẹ́kọ ní ìwé ètò ìsìnkú gbọ́dọ̀ ní àmì ìsàlẹ̀ bí wọ́n ti ń kà á lọ́dọ̀ wọn. Mo ní ìyẹn kò le. Mo ṣí fáìlì kíbọ́ọ̀dù wa, ~/.config/xkb/symbols/ketu, mo fi ebelowdot (orúkọ tí kọ̀ǹpútà ń pe ẹ) sórí E, mo fi obelowdot (ti ọ) sórí O, kí èèyàn máa fi bọ́tìnì AltGr tẹ̀ wọ́n. (Àwọn ará Vietnam ló yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn o. Èdè tiwọn ló jẹ́ kí lẹ́tà méjèèjì yìí ní orúkọ nínú àkójọ orúkọ lẹ́tà ọjọ́ pípẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń lò.) Èmi náà wá fi ọgbọ́n orí mi kọ sbelowdot sórí S. Ó jọ orúkọ àwọn méjì yòókù, àbí kò jọ ọ́?

Ẹ jáde, ọ jáde. Ṣ kọ̀. Kò yí padà di nǹkan mìíràn, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ojú kọ̀ǹpútà kàn ń dákẹ́ ni. Mo tẹ "aṣọ ẹbí", ó kọ "aọ ẹbí". Mo tẹ "oṣù", ó di "où", àfi bí ẹni tí tíṣà Faransé wa àtijọ́ ń bi níbo ló ń lọ!

Mo fura sí kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, àlòkù tí mo rà ní Àjàṣẹ́. Mo tú u palẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá gàrí jáde lábẹ́ S. Gàrí ọdún wo, Ọlọ́run ló mọ̀. Nígbà tí mo tò ó padà, où ṣì ni où. Ó yẹ kí n ti mọ̀, nítorí s lásán ń jáde geere láti ọjọ́ yìí. Ọjọ́ méjì lọ bẹ́ẹ̀, àwọn olókùú sì ń ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá Ìbejì, libxkbcommon, ìyẹn àkójọ kóòdù tó ń ka fáìlì kíbọ́ọ̀dù wa, kò ṣe ohun tó burú. Èmi ni mi ò ní kó sọ̀rọ̀. Ìpele márùn-ún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní: critical, error, warning, info, debug, láti 10 dé 50. Bí o kò bá sọ ohunkóhun fún un, error ló ń dúró sí, kì í sọ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ lẹ́tà tí kò mọ̀ kì í ṣe error lójú rẹ̀, ìkìlọ̀ lásán ni, nítorí náà á fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ọmọ tí o rán lọ sọ́jà, tí kò rí ata rà, tó se ọbẹ̀ aláìláta, tó sì gbé e síwájú rẹ láìwí nǹkan kan.

Ohun tí mo wá tẹ̀ nìyí:

XKB_LOG_LEVEL=debug XKB_LOG_VERBOSITY=10 xkbcli compile-keymap --layout ketu > /dev/null

Èkejì yẹn, XKB_LOG_VERBOSITY, ni èèyàn máa ń gbàgbé. Láti 0 dé 10 ló ń lọ, 0 ló sì ń wà tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ìkìlọ̀ kan wà tí kò ní jáde láìjẹ́ pé o gbé e sókè. Mo da kíímápù (àtòjọ bọ́tìnì àti lẹ́tà wọn) tó ń tú jáde nù sí /dev/null torí pé stderr, ọ̀nà tí ìkìlọ̀ àti àṣìṣe ń gbà jáde, ni ọ̀rọ̀ tí mo ń wá ń gbà. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ bí òjò, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì kàn mí, àmọ́ láàárín wọn ni mo ti rí i: orúkọ fáìlì mi, nọ́ńbà ìlà, àti unrecognized keysym (orúkọ lẹ́tà tí a kò mọ̀), pẹ̀lú sbelowdot mi nínú àmì àyọlò. Ojú tì mí. Mo fi U1E63, nọ́ńbà Unicode fún ṣ, rọ́pò rẹ̀, U1E62 fún Ṣ ńlá, ó parí.

Ní ti ètò tìrẹ, xkb_context_set_log_level àti xkb_context_set_log_verbosity ni kí o pè, kí o sì pè wọ́n kí o tó ṣe kíímápù. O ní ìsàlẹ̀ pátápátá lo kọ wọ́n sí. Nígbà yẹn ó ti sọ gbogbo ohun tó ní í sọ tán, o kò sì sí ńbẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé fáìlì rẹ ni kò rí rárá, lo XKB_LOG_LEVEL dípò ìyẹn, torí ìgbà tí xkb_context_new, ìpè tó ń dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ń bẹ̀rẹ̀ ló ń wá àwọn fódà kiri, ìpè tìrẹ kò sì tíì dé nígbà náà. Má sì fi ìlà tó ń pe xkb_context_set_log_level sílẹ̀ nínú kóòdù bí o bá fẹ́ lo XKB_LOG_LEVEL láti ìta, torí ti inú kóòdù ni yóò borí.

Ìwé ìsìnkú jáde lọ́jọ́ Ẹtì, aṣọ ẹbí sì pé. Wọ́n fún mi ní ìgò sódàbì kan, mo ti fi tìrẹ pamọ́.

Bí ètò rẹ bá ti là ẹnu, fi gbogbo ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi, má gé e kù o. Iná ti ń ṣẹ́jú níbí, ẹ jẹ́ kí n tètè fi èyí ránṣẹ́.

Èmi ni,
Ìdòwú