Ẹ Yí Ìdí Rẹ̀ Sókè: Lẹ́tà Láti Birmingham Lórí Ọ̀pá Àbẹ́là Àtijọ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Màmá Káyọ̀dé,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ojú lọ́nà èsì yìí. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ṣé ara Màmá ti le dáadáa, ṣé àwọn ọmọ ń gbádùn? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Òtútù ti dé, ṣùgbọ́n ilé gbóná.

Mo rí fọ́tò àwọn ọ̀pá àbẹ́là idẹ mẹ́fà tó wà nínú ẹrù tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú fún yín. Mo sì gbọ́ pé ẹni tó fẹ́ rà wọ́n ń sọ pé ayédèrú ni gbogbo wọn. Ẹ má tíì gbà fún un, ẹ má sì tíì bá a jà. Àyàfi ọ̀kan tí abẹ́ rẹ̀ hàn, iwájú ọ̀pá nìkan ló hàn nínú fọ́tò yẹn, iwájú kì í sì í sọ òótọ́ púpọ̀. Ìrísí tó gbayì ní 1750 ni wọ́n tún ń dà ní 1900, òun náà ni wọ́n ń dà ní Íńdíà títí dòní. Ọ̀nà tí alágbẹ̀dẹ gbà ṣe é ni ò rọrùn láti sín jẹ, torí ó ń gba àkókò, ẹni tó ń ṣe ayédèrú kò sì ní sùúrù yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá ti gbé ọ̀pá kankan, ẹ kọ́kọ́ yí ìdí rẹ̀ sókè.

Ẹ wá tọ́ọ̀ṣì kékeré, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, rúlà tó ní mìlímítà, àti òòfà. Òòfà ló yá jù. Idẹ kì í fà mọ́ òòfà. Bí ara ọ̀pá bá fà á, irin tí wọ́n fi idẹ bò lásán ni. Àmọ́ ara ni kí ẹ fi kàn, kì í ṣe àárín ìdí. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá tí wọ́n ṣe láàrin 1800 sí 1900 ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú tí a fi ń ti kùkùté àbẹ́là jáde láti ìsàlẹ̀. Òòfà á fa irin yẹn, ẹ ó sì ju ọjà gidi nù.

Lẹ́yìn èyí, ọrùn rẹ̀, ìyẹn ibi tó gùn láti ìdí dé ẹnu tí àbẹ́là ń wọ̀. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó di nǹkan bí 1670, idẹ tó dì pọ̀ gbọin ni ọrùn ọ̀pá àbẹ́là, kò ní ihò nínú. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí 1780, wọ́n ń da ọrùn ní abala méjì bí ẹ̀pà tí a là, wọ́n á wá fi iná jó abala méjèèjì pọ̀. Inú rẹ̀ á ṣófo, idẹ tí wọ́n ná sórí rẹ̀ á dín kù, bẹ́ẹ̀ idẹ wọ́n nígbà yẹn. Lẹ́yìn 1780 tàbí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń fi amọ̀ sí àárín mọ́ọ̀dù, kí ọrùn lè ṣófo láìní ojú ìsopọ̀ kankan. Ojú ìsopọ̀ yìí ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí ẹ lè rí láìgbé nǹkan lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ ṣe máa rí i nìyí. Ẹ gbé ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ẹ wá mí èémí gbígbóná sí ọrùn rẹ̀. Bí èémí ṣe ń gbẹ, ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, tó ń ti ẹnu bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ yí i, ẹ ó rí ìkejì ní òdìkejì gan-an. Ẹ tún tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹnu tí àbẹ́là ń wọ̀, ìlà méjèèjì á máa hàn níbẹ̀ náà. Ẹ má fi ṣe ojú mọ́ọ̀dù o. Ojú mọ́ọ̀dù máa ń yọ sókè lára, fáìlì ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, kò sì wọnú. Ojú ìsopọ̀ ti gidi tẹ́jú, ó sì la idẹ já láti ìta dé inú. Ọ̀pá ayédèrú tó fẹ́ jọ ti 1740 kì í sábà ní ojú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀; ó máa ń wúwo jù, torí ẹni tó dà á kò dín idẹ rẹ̀ kù.

Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ìdí. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìgbà náà máa ń gbé ìdí sórí ẹ̀rọ tó ń yí, wọ́n á fá abẹ́ rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́ kí ó sì mọ́. Ẹ ó rí àwọn àmì róbótó tó yí ara wọn ká, tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba, ọwọ́ èèyàn ló di irin fífá mú. Bí abẹ́ bá rí jákujàku bí yanrìn tí wọ́n da idẹ lé, tí kò sí ẹni tó fá a, kí ẹ fura. Bí wọ́n bá lẹ aṣọ onírun aláwọ̀ ewé mọ́ abẹ́, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ṣí igun kan. Aṣọ náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń bo ohun tí ẹ nílò láti rí.

Abẹ́ náà ni ẹ ti máa rí bí ọrùn ṣe so mọ́ ìdí. Èyí tó wọ́pọ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin 1700 sí 1780 ni pé ìsàlẹ̀ ọrùn ní ìrù kékeré kan tó gba ihò ìdí kọjá, wọ́n á wá fi òòlù lu ìrù náà kí ó fẹ̀, kí ó má lè jáde mọ́. Ẹ ó rí ojú òòlù níbẹ̀, bí orí ìṣó tó ti tẹ́. Sukúrù ló gbòde lẹ́yìn náà. Ẹ má sọ pé gbogbo ohun tó ní sukúrù jẹ́ tuntun o: àwọn ará Faransé ń lo sukúrù ní àkókò yẹn náà. Èyí tó yẹ kí ẹ wò ni eyín sukúrù. Ti àtijọ́ kò dọ́gba, eyín rẹ̀ fẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ kò sì mú torí ọwọ́ ni wọ́n fi gé e. Eyín tó mú, tó tò lẹ́sẹẹsẹ láìyẹ̀, ẹ̀rọ ló gé e.

Kùkùté àbẹ́là fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ẹ̀rí. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀bẹ ha ọ̀rá tó dì sínú ihò. Àwọn ará Sípéènì àti ọ̀pọ̀ mìíràn ṣáájú 1700 máa ń dá ihò onígun mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀pá, kí èèyàn lè fi nǹkan ti kùkùté jáde. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, wọ́n gé ojú tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn tí kókó kékeré kan ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá ni irin ìsàlẹ̀ tí mo sọ ṣáájú dé, òun ló gbalẹ̀ ní ayé Ọbabìnrin Victoria. Bí irin náà bá ti sọnù, ẹ ó rí ihò kan ní àárín ìdí. Ọ̀pá náà ò bàjẹ́ o, iye rẹ̀ ló kàn dín díẹ̀.

Àwọn tó ti pẹ́ ju gbogbo èyí lọ kì í sábà dé inú ẹrù tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ̀ wọ́n. Ní Dinant, lẹ́bàá odò Meuse tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù nísinsìnyí, ni iṣẹ́ idẹ ti gbilẹ̀ kí wọ́n tó run ìlú náà ní 1466, tí àwọn oníṣẹ́ sì fọ́n ká sí ìlú mìíràn. Nuremberg ní Jámánì náà lókìkí. Láyé ìgbà yẹn, ẹnu ọ̀pá mìíràn kì í ní ihò rárá, irin ṣóńṣó ni wọ́n ń gún àbẹ́là mọ́, pàápàá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Dutch ní irú kan tí wọ́n ń pè ní Heemskerk, tó ní àwo róbótó ní àárín ọrùn láti gba ọ̀rá tó ń kán. Orúkọ Jacob van Heemskerck ni wọ́n fi ń pè é, ọ̀gá nínú àwọn awakọ̀ òkun tí yìnyín há mọ́ Nova Zembla, erékùṣù kan ní òkè àríwá Rọ́ṣíà, ní 1596 títí di 1597. Wọ́n rí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ nínú àwókù ilé wọn ní 1871, wọ́n sì kó àwọn ẹrù náà sí Rijksmuseum ní Amsterdam.

Ní ti orúkọ alágbẹ̀dẹ, ẹ má retí rẹ̀. Idẹ kò dà bíi fàdákà, òfin ò fipá mú ẹnikẹ́ni kọ orúkọ sí i. Àwọn díẹ̀ ní Birmingham yìí ló ń lù ú sí abẹ́ ìdí ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún: Joseph Wood, George Grove. Bí ẹ bá rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ má tà á lọ́jọ́ yẹn, ẹ kọ́kọ́ pè mí. Àmì tó wọ́pọ̀ ni ti ìforúkọsílẹ̀ ìrísí: àmì onígun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó jẹ́ ti 1842 sí 1883, “Rd” pẹ̀lú nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ ní 1884. “The Queen of Diamonds” tí wọ́n kọ sí abẹ́ ọ̀kan nínú ti yín (mo fẹ fọ́tò yẹn dáadáa kí n tó rí i) wà lára ìyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀pá ayé Victoria gidi. Bí “England” bá wà níbẹ̀, kò lè fi bẹ́ẹ̀ ṣáájú 1890, torí òfin owó orí ọjà tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún yẹn ló mú wọn máa kọ orúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é sí ọjà. “Made in England” sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn 1900.

Bí ọjà bá tóbi, tí ọkàn yín ò sì balẹ̀, ẹ lọ bá àwọn tó ń ra irin àlòkù tí wọ́n ní ẹ̀rọ XRF. Ẹ̀rọ náà á sọ ohun tó wà nínú idẹ láìha á. Kí 1738 tó dé, tí William Champion ní Bristol gba ìwé àṣẹ lórí bó ṣe ń yọ síǹkì (irin tí wọ́n ń dà mọ́ bàbà kó lè di idẹ), òkúta calamine, tí síǹkì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n ń yan pọ̀ mọ́ bàbà àti èédú nínú ìkòkò. Lọ́nà yẹn, bàbà kì í gba síǹkì kọjá nǹkan bí ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1781 ni James Emerson gba àṣẹ lórí dída síǹkì gidi mọ́ bàbà tààrà. Bí ẹ̀rọ bá wá sọ pé síǹkì tó ìdá 38, tí ẹni tó ń tà á ń pariwo 1690, ẹ kí i kú iṣẹ́ kí ẹ máa lọ. Ẹ ní kí wọ́n wọn ọrùn àti ìdí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mú ọrùn ọ̀pá kan so mọ́ ìdí òmíràn.

Fàdákà ò ní gba mí lọ́rọ̀ púpọ̀. Ẹ wá àmì kìnnìún tó ń rìn, èyí tó fi hàn pé fàdákà gidi ni, àti àmì ìlú tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò: ìdákọ̀ró ni ti Birmingham láti 1773. Ẹ má fi ìwúwo díwọ̀n, torí fàdákà fẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀dà ni wọ́n rọ sínú rẹ̀ kí ó má baà ṣubú. Bí bàbà pupa bá ń yọ jú níbi tó ti jẹ, ó lè jẹ́ irú ti Sheffield, tí Thomas Boulsover bẹ̀rẹ̀ ní 1743, èyí tí wọ́n lẹ fàdákà mọ́ bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí lẹ́tà EPNS, iná mànàmáná ni wọ́n fi lẹ fàdákà fẹ́lẹ́ mọ́ irin mìíràn, lẹ́yìn 1840 nìyẹn.

Ohun tó ń ba iye jẹ́ jù ni ihò tí wọ́n fi lù ú kí wáyà iná lè gbà á kọjá, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di láńpù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìdí. Òjé aláwọ̀ eérú tó bo ibi tó ti fọ́ náà burú, torí ìsopọ̀ àtijọ́ máa ń ní àwọ̀ ìyeyè. Bí wọ́n bá ní méjì jọ jẹ́ ìbejì, ẹ wọn gíga wọn, ẹ wọn fífẹ̀ ìdí, ẹ fi ìlà abẹ́ wéra. Ìyàtọ̀ mìlímítà kan tàbí méjì kò burú, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ní ojú ìsopọ̀ tí èkejì kò ní, ẹ má san owó ìbejì.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ wọ́n. Ásíìdì máa ń yọ síǹkì kúrò lójú idẹ, yóò wá pupa bíi bàbà, ìyẹn kì í padà. Ẹ má lo òògùn tó ní amóníà, ó ń mú kí idẹ la. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ dán an: àwọ̀ dúdú tó wà ní kọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń mú oníbàárà tó mọ ọjà gbà pé ó ti pẹ́. Bí ọ̀rá bá dì sínú rẹ̀, ẹ gbé e sínú fírísà fún wákàtí kan, á ṣá kúrò fúnra rẹ̀. Èyí tó kù, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀. Ti fàdákà tó ní ọ̀dà nínú, ẹ má gbé e sún mọ́ omi gbígbóná rárá.

Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ ya abẹ́ ìdí, ẹ ya inú ẹnu, ẹ ya ọrùn láti ẹ̀gbẹ́ ní tòsí fèrèsé, kí ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ kí oníbàárà yẹn tó padà dé. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ bá mi kí Bàbá Káyọ̀dé àti gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín,
Dàpọ̀