Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́ àti Itẹ́ Àwọn Baba Wa: Ẹ Dákun, Ẹ San Èyí Tó Kù

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, l'Ékòó, n'Íbàdàn àti lẹ́yìn òkun, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ àti ọgbà itẹ́ ìlú wa la tún gbé wá.

Apá ọ̀tún òrùlé nìkan la tíì kàn. Apá òsì ṣì wà bí ikán ṣe fi í sílẹ̀, tapólì la fi bò ó. Ọgbà itẹ́ dúró sí ìkọ̀rọ̀ ọ̀nà odò láti ọjọ́ tí owó ti tán. Ibẹ̀ ni màlúù ń gbà wọlé, tí wọ́n ń tẹ ibojì àwọn ìyá wa mọ́lẹ̀. Òkúta méjì ti wó, orúkọ ara wọn ò ṣeé kà mọ́.

A gbọ́ pé àwọn kan ń béèrè ohun tá a fi owó àkọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀tọ́ yín ni, a ò bínú. Nígbà tá a dáwó lọ́dún 2023, báàgì sìmẹ́ǹtì kan ò tó 6,000 náírà. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá 10,000. Bíríkìlà tá a kọ́kọ́ gbà tún fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ náà. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin inú amọ̀ jáde, ni ògiri bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó. A ní láti ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ká fi amọ̀ tún un rẹ́. Àṣìṣe yẹn, àwa ìgbìmọ̀ la ṣe é. Àmọ́ kọ́bọ̀ kan ò wọ àpò ẹnikẹ́ni. Ìwé ìnáwó wà lọ́wọ́ akápò, ẹni tó bá fẹ́ kó wá wò ó.

Ohun tó dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ àwọn tó dìde nípàdé, tí wọ́n fẹnu ara wọn dárúkọ iye tí wọ́n máa san, tá a pàtẹ́wọ́ fún. Ó ju ìdajì wọn lọ tí ò tíì san nǹkan kan. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ mọ ara yín. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, a rí àwòrán ọjọ́ ìbí yín lórí WhatsApp, a sì bá yín yọ̀. Ṣùgbọ́n baba tó bí baba yín ló wà lábẹ́ igbó yẹn. Àwọn Mùsùlùmí ìlú wa, tí kì í jọ́sìn níbẹ̀, ti san tiwọn pé, wọ́n ní ìyá àwọn náà sùn síbẹ̀. Kí làwa tí wọ́n ṣàmì fún nínú ilé yẹn fẹ́ wí?

Ẹ wo Badagry. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí lọ́dún 1845 ṣì dúró, tìlú-tòkè ń wá wò ó. Àwọn ará òkè odò níbí, tí wọn ò pọ̀ tó wa, ti parí ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, wọ́n tún ti kun ọgbà itẹ́ wọn ní funfun. Ojú ń tì wá tá a bá ń kọjá níbẹ̀. Ìlú wa kì í sì í ṣe ìlú ẹ̀yìn rárá! Kúdẹtì n'Íbàdàn ni tíṣà wa àkọ́kọ́ ti wá, níbi tí míṣọ́nnárì David Hinderer, ọmọ Jámánì tí wọ́n tọ́ nínú ìjọ Lúútà ní Württemberg, ti ṣiṣẹ́, tí Daniel Olúbí sì tẹ̀ lé e. Ṣé àwa ọmọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa fi tapólì bo ilé Ọlọ́run?

Iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan: nílé, 20,000 náírà, lẹ́yìn òkun, 50 pọ́n-ùn tàbí 60 dọ́là. Àkáǹtì ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ náà ni. Ẹ kọ orúkọ àti agbo ilé yín sí i, kẹ́ ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí akápò. Díẹ̀díẹ̀ náà dáa, kó ṣáà wọlé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí la máa ṣán itẹ́, aago méje àárọ̀. Ẹni tí ò bá tíì rówó, kó gbé àdá wá.