Alárinà tí kò fẹ́ yẹ̀ba

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Mo ka ohun tí akọ̀ròyìn yín kọ láti fi gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n gbé ọjà wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dùn mọ́ mi títí mo fi dé ibi tó ti ní ẹni tó bá ń tajà níbẹ̀ kì í san owó ìsọ̀, kò sì sí ẹni tó lè lé e lọ́jà. Ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé ìròyìn dé. Ó jọ pé ẹni tó kọ ọ́ kò tíì tajà níbẹ̀ rí.

Aṣọ òfì ni mò ń tà, ní Ìsẹ́yìn níbí. Èmi kọ́ ni mò ń hun ún. Mò ń ra òwú, mò ń san owó iṣẹ́ fún àwọn ahunṣọ, mo sì ń wá ẹni tí yóò rà á. Láyé ìyá mi, ọjà Òjé n'Ìbàdàn ni wọ́n ń kó o lọ. Oníbàárà á fọwọ́ kan aṣọ, á nà án wò, á ná an, tó bá tún di ọjọ́ mìíràn, ó mọ ìsọ̀ tó ń bọ̀. Ní tèmi, ọ̀pọ̀ aṣọ kì í dé Òjé mọ́. London, Houston, Toronto ni wọ́n ń lọ, sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi ṣí ìkànnì tí wọ́n ti ń rí wa.

Bó ṣe máa ń rí ni pé ìyàwó ojú ọ̀nà á tẹ "aso oke" sínú Google, àwòrán ẹtù àti sányán mi á yọ sí i, fóònù mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó lè jẹ́ aago méjì òru. Wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n á ní irú àwọ̀ ewé yìí gan-an ni àwọn ń fẹ́, kí góòlù díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, màá mú òwú bọ́ síta, màá yà á nínú oòrùn, torí iná gílóòbù máa ń sọ àwọ̀ ewé dà bí aró, ìjà ló sì máa ń dá sílẹ̀ tí aṣọ bá dé ọ̀hún. Tí wọ́n bá ti ní, "Mọ́mì, òun nìyẹn," owó á wọlé, òwú á gorí òfì.

Mi ò ní purọ́, ó ń lọ dáadáa. Àmọ́ tí ọmọ yẹn bá ṣí ibi tó ti ń wo ọ̀nà táwọn èèyàn ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa, nínú ẹni mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ló ti ọ̀dọ̀ Google wá. Ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mo bá ti rí i. Google ò mọ̀ mí. Kò sí àdéhùn kankan láàárín àwa méjèèjì.

Alárinà ni mo kà á sí. Àwọn àgbà sì ní bójú bá mojú tán, alárinà á yẹ̀ba. Eléyìí ò yẹ̀ba rárá. Obìnrin tó ra gèlè lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá, tí àbúrò rẹ̀ bá fẹ́ rọ́kọ ní lọ́dún yìí, ọ̀dọ̀ alárinà náà ni yóò tún gbà. Á tẹ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹni tí alárinà bá nawọ́ sí ni yóò bá lọ. Ó lè jẹ́ èmi. Ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń ta aṣọ tí ẹ̀rọ hun, tó ń pè é ní òfì Ìsẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń ṣojo. Tọkọtaya kan wà ní Ìlú Ọba, Adam àti Shivaun Raff. Ní 2006 ni wọ́n dá Foundem sílẹ̀, ìkànnì téèyàn ti lè mọ ibi tí ọjà ti wọ́n àti ibi tó ti dínwó. Kò pẹ́ sígbà náà ni Google tì wọ́n sẹ́yìn pátápátá, bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ ìwádìí yòókù, wọ́n ṣì ń rí wọn lókè. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ní 2017, àjọ náà bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 2.42 yúrò lé Google lórí pé ó ń gbé irú iṣẹ́ yìí tó jẹ́ tirẹ̀ ṣáájú ti ẹlòmíràn. Google ní òun kò gbà. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ tó fìdí ìdájọ́ náà múlẹ̀. Nígbà yẹn, Foundem ti kógbá sílé. Wọ́n jàre, àmọ́ ọjà ti tú.

Ẹni tó lè gbé ẹjọ́ dé Brussels, níbi tí àjọ náà fìdí kalẹ̀ sí, nìyẹn o. Tó bá ṣe èmi, ibo ni mo fẹ́ gbé e lọ? Ṣé ààfin Aṣẹ́yìn ni?

Kò sì dìgbà tí Google bá mú èèyàn lódì. Ó kàn lè yí bó ṣe ń to nǹkan padà ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, ó ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Panda, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé nínú ìbéèrè 100 ní Amẹ́ríkà, ó kan bíi 12. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ló tún ti ń fi ìdáhùn tí ẹ̀rọ AI kọ sókè pátápátá fún wọn lọ́hùn-ún. Mo kọ ọ́ sórí ìkànnì mi pé ẹtù ló dúdú bí aró, sányán ló pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àlàárì ló pupa, kí ẹni tó ń wádìí lè tibẹ̀ wọlé. Ní báyìí, ó lè rí ìdáhùn gbà lẹ́nu ọ̀nà kó sì yí padà. Alárinà ti ń dáhùn fún ìyàwó.

Google alára kì í fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Nínú ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà bá a ṣe, ó hàn sí gbangba pé ó san bílíọ̀nù 20 dọ́là fún Apple ní 2022 nìkan, kó lè jẹ́ pé òun ni fóònù wọn yóò máa bi léèrè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, adájọ́ Amit Mehta ní ó rú òfin láti fi dá ọjà ìwádìí orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ. Ẹni táwa ń gbára lé ò gbà pé èèyàn máa wá òun fúnra wọn láìsanwó!

Ohun tó jẹ́ kí tiwa le sí i ni pé aṣọ ìgbéyàwó kì í ṣe búrẹ́dì. Ẹni tó rà á kì í padà wá rà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó di ọwọ́ ẹlòmíràn. Tí ọ̀nà bá dí, a ò sì ní tètè mọ̀. Aṣọ oṣù Kejìlá, bíi oṣù Kẹjọ ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Bí alárinà bá kẹ̀yìn sí mi lóṣù Kẹjọ, òfì á ṣì máa dún lágbàlá mi, èmi á máa ra òwú kún òwú. Ìgbà tí ọdún bá ń parí lọ ni ojú mi á tó là. Àwọn ọkùnrin tó jókòó sídìí òfì wọ̀nyẹn ní ìyàwó àti ọmọ, àwọn míì nínú wọn ò sì tíì fi Google wá nǹkan rí.

Àwọn kan ní kí n yáa lọ sí Facebook tàbí Instagram. Ẹ̀yin náà ò gbàgbé oṣù Kẹwàá ọdún 2021 tí méjèèjì kú mọ́ gbogbo ayé lọ́wọ́ fún wákàtí mélòó kan, WhatsApp pẹ̀lú wọn. Ẹ ò sì gbàgbé Twitter tí ìjọba tì pa láti oṣù Kẹfà ọdún yẹn títí di oṣù Kìíní 2022. Alárinà mìíràn náà ni.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí. Ìgbéyàwó kan, èèyàn bí ọgbọ̀n lè wọ aṣọ ẹbí níbẹ̀. Àjákù òfì tó bá ṣẹ́ kù, mo ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń tẹ nọ́ńbà fóònù mi sí i, mo sì ń fi ọ̀kan sínú gèlè kọ̀ọ̀kan àti fìlà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti ìyàwó nìkan. Ẹni tó bá pè mí, orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti àwọ̀ tó rà wọ ìwé, ìwé gidi, tí mo fi sínú àpótí. Àwọn tó ń tinú gèlè wá ò tíì pọ̀ tó àwọn ti Google. Ṣùgbọ́n wọn kì í ná mi lọ títí, torí wọ́n ti rí aṣọ lára èèyàn.

Olóòtú, ẹ bá mi bẹ akọ̀ròyìn yín kó padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kó bi wọ́n pé: tí Google ò bá dárúkọ yín mọ́ lọ́la, nọ́ńbà oníbàárà mélòó ló wà lọ́wọ́ yín? Kó kọ èsì wọn bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Màá rà á kà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Aláṣọ Òfì,
Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.