Káyọ̀, kí o tó ra pákó ní Bódìjà

Lewisham, London,
Oṣù Kọkànlá, 2025.

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le? Màmá ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, òtútù nìkan ló ń bá wa fínra.

Mo rí lẹ́tà rẹ. O ní gìtá semi-hollow, èyí tí inú rẹ̀ ṣófo lápá kan, lo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, o sì ní kí n ya àwòrán ES-335 ránṣẹ́. Mi ò ní yà á. ES-335 tí ilé-iṣẹ́ gìtá Gibson gbé jáde ní 1958, pákó olójúpọ̀ ni iwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ewé maple méjì tó ká poplar mọ́ àárín, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ títí ó fi yọ ikùn. Ìtì maple kan wá gba àárín rẹ̀ kọjá láti ìdí ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ìtì yẹn ni kì í jẹ́ kó máa hu nígbà tí áńpù bá lọ sókè, nítorí ojú pákó kò ráyè gbọ̀n bó ṣe fẹ́. Gìtá tó dára ni, ṣùgbọ́n kí o tó kàn án, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn mọ́ọ̀dù tí wàá fi tẹ ikùn, kí o ní irin gbígbóná tí wàá fi ká ẹ̀gbẹ́, kí o sì mọ bí ọrùn ṣe ń dagun wọ inú ara. Lórí gìtá àkọ́kàn, mọ́ọ̀dù nìkan á gba gbogbo owó ọwọ́ rẹ.

Èyí tí wàá kàn ni irú ti Telecaster Thinline tí Roger Rossmeisl ṣe fún ilé-iṣẹ́ Fender, tó jáde ní 1968. Pákó gidi ni, wọ́n kàn gbẹ́ inú rẹ̀ ni. Wàá gbẹ́ ihò méjì sí apá ọ̀tún àti apá òsì, wàá fi àárín sílẹ̀, wàá wá lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dé e lórí. Ojú rẹ̀ tẹ́jú, sukúrù mẹ́rin ló so ọrùn mọ́ ọn, kò sí dídagun kankan láti ṣírò.

Pákó ló ń jẹ àkókò jù, òun ni kó o kọ́kọ́ wá. Fún ara, afárá ni. Igi tí Gibson pè ní Korina nìyẹn nígbà tí wọ́n fi kàn Flying V àti Explorer, ní 1958 yẹn náà. Wo ojú rẹ̀ dáadáa kí o tó sanwó: bí o bá rí ihò wínníwínní bí ojú abẹ́rẹ́, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, fi í sílẹ̀. Arère fúyẹ́ ju afárá lọ, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù, sukúrù tó ń gbé bẹ́líìtì gìtá kì í pẹ́ yọ nínú rẹ̀. Ìrókò wúwo ní ọrùn ẹni tó bá gbé gìtá rẹ̀ kọ́, òkúta kéékèèké tó máa ń wà nínú rẹ̀ sì máa ń pa ẹnu bíìtì. Èyí tó wù kó o rà, bo imú bo ẹnu tó o bá ń gé e. Eruku arère àti ti ìrókò kì í ṣe eré, wọ́n ń dí èémí, wọ́n sì ń mú ara yún. Fún ọrùn, ra ọ̀gánwó. Yí orí pákó wò: kí àwọn ìlà ọdún tó wà níbẹ̀ dúró ṣánṣán sí ojú tí wàá lẹ pátákó ìka (ibi tí ìka ti ń tẹ okùn) mọ́, kí wọ́n má sùn. Èyí tó bá sùn á tẹ̀. Fún pátákó ìka fúnra rẹ̀, apá ni kó o wá. Ó le, kì í yí padà, àfọ́kù ilẹ̀kùn àtijọ́ kan á sì tó ọ ṣe ọ̀pọ̀.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ló kù. Ẹni tó ń ta pákó á ní ó ti gbẹ. Má bá a jiyàn, gbé e relé, wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, fi pẹ́ńsù kọ iye rẹ̀ sí i lára. Tò ó sórí igi pẹlẹbẹ lábẹ́ òrùlé, kí atẹ́gùn máa gba abẹ́ rẹ̀, kí oòrùn má bà á. Máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Pákó tó nípọn ní ínṣì kan máa ń gbà tó ọdún kan tí kò bá rí ààrò. Ìdí nìyẹn tí bẹ́ẹ̀dì tàbí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ fi dára ju pákó tuntun lọ. Ọyẹ́ sì ti ń bọ̀, ó bọ́ sí i. Pákó tí òjò ti wú, tó o wá lẹ̀ pọ̀ nínú oṣù Keje, á súnkì nígbà ọyẹ́, ojú gìtá á sì là lẹ́bàá ihò. Èyí tó o bá lẹ̀ nígbà ọyẹ́ á wú díẹ̀ nígbà òjò, kò sì ní là. Torí náà gé pákó rẹ sí ìwọ̀n báyìí, kí ó jókòó, má tíì fi gọ́ọ̀mù kan nǹkan kan títí di oṣù Kìn-ín-ní.

Gbogbo ara náà, 45 mm ló máa nípọn: 39 mm fún ìsàlẹ̀, 6 mm fún ojú. Ìsàlẹ̀ yẹn, pákó méjì tó o lẹ̀ pọ̀ ní àárín ni, kó fẹ̀ tó 340 mm, kó gùn tó 420 mm. Ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ìlà àárín rẹ. Fa ìlà yẹn sí iwájú, sí ẹ̀yìn, kí o fà á kọjá sí etí pákó lókè àti nísàlẹ̀, nítorí nígbà tó o bá lẹ ojú dé e, èyí tó wà ní etí nìkan ni wàá tún rí. Gbogbo ìwọ̀n yòókù, láti orí ìlà yẹn ni wàá ti máa wọ̀n ọ́n, má ṣe láti etí pákó láé.

Fi àárín tó fẹ̀ ní 110 mm sílẹ̀. Ìdí iye yẹn ni pé férémù pickup (ohun tó ń gbé ohùn okùn lọ sí áńpù) fẹ̀ tó 90 mm, sukúrù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá igi nísàlẹ̀. Fi gbogbo agbègbè ìdí ọrùn sílẹ̀ láìgbẹ́. Ògiri ẹ̀gbẹ́ kó má dín ní 14 mm, kó sì nípọn sí i níbi tí bẹ́líìtì àti ihò wáyà (tí wáyà áńpù ń wọ̀) á wà. Ilẹ̀ ihò, 6 mm.

Má fi router, ẹ̀rọ tó ń fi bíìtì yíyí gbẹ́ igi, nìkan gbẹ́ ẹ. Fi dírìlì pẹ̀lú bíìtì Forstner (èyí tó ń gbẹ́ ihò fífẹ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú) yọ èyí tó pọ̀ jù, kí router wá tún un ṣe, 4 mm lẹ́ẹ̀kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba pákó wọn jẹ́ nìyí: ẹnu ṣóńṣó bíìtì Forstner yọ síwájú ju ẹnu tó ń gé lọ ní bíi 2 sí 3 mm. Bí o bá fi téèpù sàmì sí 33 mm, tó o sì gbẹ́ ẹ dé ibẹ̀, ṣóńṣó yẹn ti dé 36, ìwọ̀nba 3 mm ló kù kó yọ lẹ́yìn. Sàmì sí 30, kí router gba ìyókù.

Kí o tó ronú kan gọ́ọ̀mù, la ọ̀nà wáyà. Ọ̀nà kan láti ihò pickup méjèèjì sí ibi tí àwọn bọ́tìnì á wà, òmíràn sí ibi swíìṣì, òmíràn sí ibi ihò wáyà, àti ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ bridge (irin tó gbé okùn dúró lórí ara) fún wáyà ilẹ̀. Tí ojú bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, dírìlì gígùn àti àdúrà ló kù. La ẹ̀yìn ihò bọ́tìnì sílẹ̀ pẹ̀lú, kí o ṣe ọmọrí fún un. ES-335 kò ní ọmọrí lẹ́yìn; ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ bọ́tìnì kan nínú rẹ̀ á fi òwú fa gbogbo wáyà gba inú ihò f (ihò tó rí bíi lẹ́tà f lójú gìtá) jáde, á tún fi òwú fà á padà.

Ojú yẹn, o lè lo afárá náà, o sì lè lo pákó olójúpọ̀ tó dára. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wò ó, a ti rí ohun tí Gibson fi ṣe. Fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé ihò f kí o tó lẹ̀ ẹ́, kí o kun ilẹ̀ ibi tí ojú á máa rí láti ihò náà. Gọ́ọ̀mù máa ń yọ̀ bí kíláǹpù bá ti ń fún un, pákó á sì sún kúrò láyè rẹ̀. Fi igi ìtayín méjì kan án mọ́lẹ̀ níbi tí ihò pickup á wà, wàá gbẹ́ wọn dànù lẹ́yìn náà. Má lo ìṣó níbẹ̀, router á pàdé rẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà tó. Ta á tẹ́ẹ́rẹ́, pàápàá lẹ́bàá ihò f. Bí kíláǹpù rẹ kò bá tó, gé táyà inú ọ̀kadà sí tẹ́ẹ́rẹ́, fi wé gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú pákó pẹlẹbẹ lókè àti nísàlẹ̀. Fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ó ku ọrùn. 648 mm ni kí okùn gùn láti nut (ìdènà kékeré tí okùn gbà kọjá lórí ọrùn) dé bridge. Fún àwọn fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú pátákó ìka), pín 648 sí 17.817: 36.37 mm ni fret kìíní. Yọ ọ́ kúrò, pín ohun tó kù sí 17.817 náà, fret kejì á bọ́ sí 70.70, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí ìkejìlá á fi bọ́ sí 324, ìdajì géérégé. Bí kò bá bọ́ sí ibẹ̀, ìṣirò rẹ ti ṣẹ̀. Tó o bá wá ń sàmì sára pátákó, láti nut ni kó o ti wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n láti fret kan sí èkejì á kó àṣìṣe kékeré jọ títí okùn ò fi ní gbọ́ràn mọ́. Ihò fret, 0.6 mm ni fífẹ̀ rẹ̀, ayùn tí mo fi sínú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ bá a mu. Ó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, fret á máa fò sókè. Ó há ju bẹ́ẹ̀ lọ, fret méjìlélógún á ti ọrùn sẹ́yìn.

Ìdí ọrùn, 25 mm pẹ̀lú pátákó ìka; fífẹ̀ rẹ̀ 56 mm. Kòtò tó máa wọ̀, 16 mm ni kó jìn. Pátákó ìka á yọ lókè ara ní 9 mm, ó sì bá bridge tí mo fi ránṣẹ́ mu. Kòtò yẹn gbọ́dọ̀ há débi pé tó o bá ki ọrùn bọ̀ ọ́ láìsí sukúrù, tó o sì fi ọrùn gbé gìtá sókè, ara kò ní já bọ́. Sukúrù, 45 mm. Ihò rẹ̀ nínú ara kó fẹ̀ débi pé sukúrù á máa yọ́ kọjá. Inú ọrùn nìkan ni kó ti máa jẹ igi. Bó bá ń jẹ igi nínú méjèèjì, àlàfo á wà láàárín wọn, kò sí bó o ṣe fún un tó. Fi ọṣẹ ra sukúrù kó má ṣẹ́.

Má tíì lu ihò bridge. Ki ọrùn bọ̀ ọ́ ná, na òwú méjì láti ibi okùn kìíní àti ìkẹfà ní nut lọ sí orí bridge tó o kàn gbé lélẹ̀. Wo etí pátákó ìka: kí àlàfo tó wà láàárín òwú àti etí dọ́gba lọ́tùn-ún lósì títí dé fret tó kẹ́yìn. Bí kò bá dọ́gba, bridge ni kó o sún, kì í ṣe ọrùn. Okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ti iwájú pátápátá ni kó o sún gàárì rẹ̀ (ìjókòó kékeré tó gbé okùn lórí bridge) sí, kó bọ́ sí 648. Ìyókù á máa sún sẹ́yìn, èyí tó nípọn jù lè tó 4 tàbí 5 mm. Ìgbà yẹn ni kó o tó lu ihò.

Iná kò ní wàhálà. Pot (ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnì) 500k, kápásítọ̀ 0.022 µF, swíìṣì ọ̀nà mẹ́ta. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò á bá ọ fi òjé jó wọn láàárín wákàtí kan. Ohun tí mo fẹ́ kó o fọwọ́ mú ni wáyà ilẹ̀ abẹ́ bridge. Bó o bá fọwọ́ kan okùn tí ariwo kò dínkù, ṣùgbọ́n tó dínkù nígbà tó o fọwọ́ kan irin ihò wáyà, wáyà yẹn ò kan bridge. Ó tún ku èyí: wáyà kan náà so ọwọ́ rẹ mọ́ áńpù. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé kò bá ní ilẹ̀ tòótọ́, iná lè gbé ọ. Pe ẹni tó mọ iṣẹ́ iná kó yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó so nǹkan kan mọ́ ọn.

Lákà, yan ọjọ́ tí kò sí ọ̀rinrin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á funfun lójú bí ẹni ta ẹfun sí i. Okùn 10 sí 46 ni kó o rà; ìnípọn wọn nìyẹn, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì. Ní fret kejìlá, kí okùn ga ní 1.5 mm lápá tẹ́ẹ́rẹ́, 2 mm lápá nínípọn. Bí ohùn fret kejìlá bá ga ju ohùn tó o fi ìka kàn fẹ́rẹ́fẹ́ níbẹ̀ lọ, sún gàárì sẹ́yìn.

Pickup méjì, bridge, irin inú ọrùn, ayùn fret àti wáyà fret mítà méjì wà nínú ẹrù tó ń bọ̀. Má gbẹ́ ihò fún èyíkéyìí nínú wọn kí wọ́n tó dé ọwọ́ rẹ. Àwọn fúnra wọn ni kó o fi wọn ihò. Kọ̀wé sí mi tó o bá ti rí pákó, kí o sọ iye tó wọ̀n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ àti lọ́sẹ̀ kẹrin.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Délé