Àdùnní, Orúkọ Ta Ló Wà Nísàlẹ̀ Ìwé Yẹn?

Àdùnní ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ ìbí mi. Ó gùn, ó dùn, kò sí àṣìkọ kankan níbẹ̀. O ní o dúpẹ́ fún sùúrù mi. Sùúrù ta ni? Èmi tí ẹ̀yin méjèèjì máa ń wá ibi sá sí bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo bá abọ́ tí ẹ kò fọ̀! Mo kà á títí dé ìsàlẹ̀, mo ń wá ibi tí o ti máa béèrè ojú mi, torí o mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, n kò rí i. Mo kúkú dákẹ́. Àfìgbà tí èmi àti àǹtí rẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní o kọ̀wé sí òun náà lọ́jọ́ ìbí tòun, ó sì kà á sí mi létí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Sùúrù kan náà, ìtọ́sọ́nà kan náà, àdúrà kan náà. Ibi tí tèmi ti jẹ́ Màmá ni tiwọn ti jẹ́ Àǹtí. Mo wá mọ̀ pé ẹ̀rọ ló bá ẹ kọ méjèèjì. Inú àǹtí rẹ dùn gan-an, n kò sọ nǹkan kan fún wọn.

N kò bínú. Irọ́ ni, mo bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló jẹ́ kí n mú bírò. Àbúrò rẹ wá sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá (ó ti sanra, ìyàwó rẹ̀ kí ẹ), ọ̀rọ̀ wá kan ìwọ. Ó ní ẹ̀rọ kan ti wà ní ọsibítù yín báyìí tó máa ń gbọ́ ohun tí ìwọ àti aláìsàn ń bá ara yín sọ, tó máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì, tí ìwọ á kàn fọwọ́ sí i. Ó wá fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé ẹ̀rọ náà ti fìgbà kan kọ ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn, pé nọ́ọ̀sì kan ló rí i kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ. Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ni mo bi í, kò sì rí ìdáhùn. Mo wá ń bi ìwọ fúnra rẹ: orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé yẹn?

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní mọ́mì ti ń dàgbà, ohun tuntun ń bà wọ́n lẹ́rù. Má gbàgbé pé ìdí ẹ̀rọ ni mo ti jẹun tí mo fi rán ẹ níléèwé. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi sí aláìsàn lára kọ́kọ́ dé wọ́ọ̀dù wa, èmi wà lára àwọn tí wọ́n rán lọ kọ́ ọ. Kó tó dé, ojú la fi ń ka dírípù. Bí dókítà bá ní kí lítà omi kan wọlé láàárín wákàtí 8, tí rọ́bà rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí ẹ̀kán 20 ń jẹ́ mílílítà kan, o máa ṣírò rẹ̀: ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan. O máa gbé aago ọwọ́ rẹ súnmọ́ ibi tí omi ti ń kán, o máa fi àtàǹpàkò yí ìdè kékeré yẹn díẹ̀díẹ̀, o máa kà á, o máa tún un kà. Níbi tí o ti ń kà á, ojú rẹ á bọ́ sí apá aláìsàn. O máa rí i pé ó ti ń wú níbi tí abẹ́rẹ́ wà. O máa rí i pé ètè rẹ̀ ti gbẹ, tàbí pé ẹkún ló ń sun láti àná. Kò sí olùkọ́ tó ní ká wo ìyẹn. Kíkà ló dá wa dúró síbẹ̀ tí a fi rí i. Ẹ̀rọ dé, ó mọ ẹ̀kán kà jù wá lọ, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ a kò dúró síbẹ̀ mọ́. Bó bá ké la tó ń sáré lọ, bó bá sì ké jù, a máa pa ariwo rẹ̀. Èmi náà pa á.

Wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún wa nígbà yẹn tó ṣì ń dà mí láàmú. Ẹ̀rọ kan wà tó ń jẹ́ Therac-25, ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà ló ṣe é, ìtànṣán ló fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Èyí tí wọ́n ń lò ṣáájú rẹ̀ ní ohun ìdènà tí wọ́n fi irin àti wáyà ṣe, tó máa ń dá iṣẹ́ dúró bí nǹkan bá fẹ́ kọjá àlà. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Therac-25, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti tó ṣọ́ ara rẹ̀. Láàárín 1985 sí 1987, èèyàn 6, ó kéré tán, ló fún ní ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ó sì pa nínú wọn. Bó bá ṣìṣe, ohun tó sábà máa ń gbé jáde lójú kọ̀ǹpútà kò ju "Malfunction" (ìyẹn àṣìṣe) àti nọ́ńbà kan lọ, irú bíi "Malfunction 54". Ẹni tó ń lò ó kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, á tẹ lẹ́tà P, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti mọ́ wọn lára láti máa tẹ P. Ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ń sọ pé nǹkan jó òun, àwọn tó ṣe é ní ẹ̀rọ àwọn kò lè ṣe irú ẹ̀ láéláé. Mo fẹ́ mọ iye ìgbà tí ìwọ náà ń tẹ P lóòjọ́, Àdùnní. O lè má pè é ní P.

Kí n tó gbàgbé, òrùlé yàrá rẹ ń jò, mo ti kó àwọn ìwé rẹ sí yàrá wa. Bàbá rẹ ń bá rédíò jiyàn bó ṣe máa ń ṣe.

Òun ló tilẹ̀ sọ ti àwọn ará Ìlú Ọba fún mi, nígbà tí ariwo rẹ̀ gba gbogbo ayé ní 2024. Láti 1999 ni Post Office wọn ti ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Horizon, Fujitsu ló ṣe é. Kọ̀ǹpútà á ní owó dín, owó kò sì dín. Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka kéékèèké ló ń fọwọ́ sí ìwé ìṣírò, àwọn náà ni wọ́n ń gbá mú. Bí wọ́n bá pe àwọn tó yẹ kó ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á ní ìwọ nìkan lo ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́lòmíì. Àwọn kan fi owó ara wọn dí gbèsè tí wọn kò jẹ. Ó lé ní 900 èèyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan kú kí wọ́n tó ṣòfin tó pa ìdájọ́ wọn rẹ́. Òfin ibẹ̀ gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àfi bí èèyàn bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta sítáǹbù, báwo ló ṣe fẹ́ fi hàn? Horizon kò sùn lẹ́wọ̀n lọ́jọ́ kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé ló sùn níbẹ̀.

Àwọn lọ́yà New York yẹn ńkọ́, ní 2023? Wọ́n ní kí ChatGPT bá wọn wá ẹjọ́ tó ti wáyé rí, ó hun ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ fún wọn, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n gbé e síwájú adájọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bi ẹ̀rọ náà pé ṣé òótọ́ ni, ó ní òótọ́ ni. 5,000 dọ́là ni wọ́n san. Tiwọn rọrùn, owó lásán ni. Aláìsàn ló wà níwájú tìẹ.

Má rò pé mò ń ṣépè fún ẹ. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí i. Mo mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Mo rí ojú rẹ nígbà tí o wá gbẹ̀yìn, bí o ṣe sùn lọ lórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, mo bọ́ bàtà náà, o kò mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn ń kọ̀wé kí o lè ráàyè wo ojú aláìsàn, ó dáa, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ ní láti ìgbà tó ti dé ni wọ́n ti fi kún iye aláìsàn tí ẹ ń rí, wọ́n ní iṣẹ́ ti yá. Ṣé o wá rí i? Àkókò tó bá ẹ fi pa mọ́, wọ́n ti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà wo lo wá fẹ́ ka ohun tó kọ? Bí o bá sọ fún mi pé ò ń kà á láti òkè délẹ̀ kí o tó fọwọ́ sí i, màá gbà ẹ́ gbọ́, màá sì sùn. O kò tíì sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún ní o máa ń bá ẹ̀rọ sọ ohun tó ń dùn ẹ́ lọ́kàn lóru. Kò yà mí lẹ́nu. Ní 1966 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, Joseph Weizenbaum lorúkọ rẹ̀, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tó pè ní ELIZA, tó kàn ń dá ọ̀rọ̀ èèyàn padà fún un ní ìbéèrè. Akọ̀wé rẹ̀ mọ̀ dájú pé ọ̀gá òun ló ṣe é, síbẹ̀ ó ní kí ọ̀gá náà jọ̀ọ́ jáde kóun lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ọ̀gá náà fi èyí tó kù nínú ayé rẹ̀ ṣèkìlọ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí o ń sọ fún un ni. Ṣé èmi ni? Má dáhùn ìyẹn.

Torí, Àdùnní, ta ló kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ rọ́pò ara rẹ̀ nínú ilé yìí? Nígbà tí o kéré, tí wọ́n ń fún mi ní iṣẹ́ òru léraléra, o kì í sùn àfi bí mo bá kọrin. Bàbá rẹ kò mọ orin kọ. Mo gba ohùn mi sínú kásẹ́ẹ̀tì, mo ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ fún ẹ. Ó ṣiṣẹ́. Mo fi ń yangàn ní wọ́ọ̀dù. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo wà nílé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, mo dá orin náà, o ta kú, o ní kásẹ́ẹ̀tì lo fẹ́. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo lọ tẹ̀ ẹ́, mo sì ráàyè lọ sùn. Mo ti ronú lórí ẹ̀rín yẹn gan-an lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ó yẹ kí n jókòó, kí o sunkún, kí n kọ ọ́ tán. Ọwọ́ wo ni mo wá fẹ́ fi nà ẹ́ lórí àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ ìbí?

Ṣùgbọ́n èmi kò fọwọ́ sí ikú ẹnikẹ́ni pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì mi. Níbẹ̀ ni mo tún padà sí. Bí o kò bá rí àkókò kà á, má fọwọ́ sí i. Jẹ́ kí wọ́n bínú. Jẹ́ kí wọ́n ní ọwọ́ rẹ kò yá. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí o sì fún ọ̀gá rẹ, pé iye aláìsàn yìí kò jẹ́ kí o lè ka ohun tí ẹ̀rọ kọ, tọ́jú ẹ̀dà kan sílé. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù, àwọn tó ra ẹ̀rọ náà kò ní sí nítòsí. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń dun èèyàn, fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà.

Nǹkan mìíràn: wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ jí ohùn èèyàn lò báyìí, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí èèyàn sọ nínú fídíò ti tó wọn. Bí ohùn rẹ bá pè mí pé o wà nínú wàhálà, kí n fi owó ránṣẹ́, màá bi í lórúkọ tí o sọ bèbí ìṣeré rẹ tí kò lápá. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Bí o bá ti gbàgbé rẹ̀, pe bàbá rẹ.

Ọ̀la ọjọ́ Àìkú ni kí o pè mí, kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ojú. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ, pè mí náà. Àbúrò rẹ ní òun ti san owó tóun yá lọ́wọ́ rẹ, pé o ti máa rí àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìfowópamọ́. Má wo àtẹ̀jíṣẹ́ o. Wo iye tó wà nínú àkáǹtì.

Èmi ni,
Màmá rẹ